Olúyọmí àti Máwẹ̀yìn, Ẹṣin Afòdènà

Bí ẹ bá pàdé bàbá arúgbó kan ní òpópónà Fọlágbadé, tí ó wọ bàtà ẹlẹ́ṣin tí ó ga dé orúnkún nítorí pé ó fẹ́ ra búrẹ́dì, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Olúyọmí ni. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, n kò sì lè sẹ́ ẹ, torí imú kan náà ni Ọlọ́run fi sójú àwa méjèèjì. Tirẹ̀ nìkan ni ó máa ń gbé sókè bí ẹni pé gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń rùn sí i.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná. Iṣẹ́ wo? Bí ẹ bá bi í ní àárọ̀, á ní òun ni ọ̀gá àwọn tí ń la ọ̀nà. Bí ó bá di ọ̀sán, á ní gómìnà kì í fọwọ́ sí ohunkóhun láìpe òun. Matilda ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ gbé ibẹ̀, ní ilé ìkẹ́rùsí ni ó ń ṣọ́. Ó ní ọkọ òun mọ bí a ti ń gbé kọ́kọ́rọ́ kiri dáadáa.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó owó bọ̀ wálé, wọ́n ń kọ́lé. Ẹṣin ni Olúyọmí gbé bọ̀, àti Micah, ọmọ ìlú Jọ́ọ̀sì tí ó ń tọ́jú ẹṣin náà. Inú ọkọ̀ akẹ́rù màlúù ni wọ́n gbé e sí. Ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Pòrógun, mo wà níbẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ hàn débi pé ọmọ iléèwé lè fi kọ́ ìṣirò. Lékeléke kan bà lé e lẹ́yìn, ó wò ó títí, ó mi orí, ó sì fò padà lọ bá àwọn màlúù. Ojú mi báyìí ni ó ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Olúyọmí wí fún mi, “ẹ wo akọni! Máwẹ̀yìn ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹṣin tí ó lè bá a sá eré ọ̀nà jíjìn ní gbogbo òkè Ọya. Irú eré tí wọ́n máa ń gbé ìdènà sí ojú ọ̀nà, tí ẹṣin á máa fò ó bí ó ti ń sáré lọ.”

Mo wo ẹṣin náà. Orúkọ yẹn bá a mu lóòótọ́. Kí ni yóò wẹ̀yìn wò? Kò sí ẹṣin tí ó kù sẹ́yìn rẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí a fi mọ ohun tí ó ń wá. Ilé balógun ni ilé wa. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn ilé balógun bá ń gẹṣin lọ kí Ọba ní Ojúde Ọba, ẹnì kan ni ó máa ń ṣíwájú àwọn ẹlẹ́ṣin wa. Alhaji Abdulhakeem, olórí ẹbí, ni ó ti ń ṣe é látọdúnmọ́dún, kí orúnkún tó dá a dúró. Ipò yẹn ṣófo. Olúyọmí kò lè sùn mọ́ nítorí rẹ̀. Ọkùnrin tí kò sí nílé fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín tán, òun ni ó fẹ́ kí gbogbo Ìjẹ̀bú wo òun lókè ẹṣin, níwájú gbogbo wa.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ẹbí. “Ta ni ó tún kù nínú ilé yìí tí ẹṣin rẹ̀ ti borí níbi kankan?” ni ó ń bèèrè. “Ẹ dá mi lóhùn!”

Alhaji Abdulhakeem rẹ́rìn-ín. “Olúyọmí, a ti gbọ́. Àmọ́ Kàdúná jìnnà. Jẹ́ kí ó borí níbí, kí ojú wa rí i, kí á tó sọ̀rọ̀ iwájú.”

Bí eré ẹṣin afòdènà ṣe wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìyẹn o.

Pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjagun ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá a. Micah fi ọparun ṣe ìdènà, ó so koríko tútù bò ó kí ẹsẹ̀ ẹṣin má baà fara pa. Àwọn ẹṣin ilé wa bọ́ sójú ọ̀nà, Olúyọmí fúnra rẹ̀ gun Máwẹ̀yìn, a ké, wọ́n gbéra. Nígbà tí Máwẹ̀yìn dé ibi ìdènà àkọ́kọ́, ó dúró. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

“Bàbá Jessica!” ni Matilda pariwo pe ọkọ rẹ̀ láti abẹ́ igi. “Ẹ sọ fún un pé eré ni a wá sá o! Kì í ṣe ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán!”

“Ọgbọ́n ni!” ni Olúyọmí dáhùn, ó ń fi kẹ́sẹ́ bàtà rẹ̀ gún un níhà. “Ó ń tọ́jú agbára ni!”

Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ó jẹ ìdènà àkọ́kọ́ tán, ó rọra rìn lọ sí ìkejì bí ẹni tí wọ́n fún ní àwo ìkọ́kọrẹ́ mìíràn. Kúbúrátù ọmọ Alhaji, obìnrin tí ó ń ta oògùn ní Ìta-Ọ̀sùn, ni ó borí. Ó ti wẹ ẹṣin rẹ̀ tán kí Olúyọmí tó dé.

Ẹlòmíràn ì bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Olúyọmí ní koríko ni ó fa á. Nígbà tí wọ́n sá èkejì ní Odògbolú, ọparun lásán ni Micah gbé dábùú ọ̀nà, kò so ewé kankan mọ́ ọn. Máwẹ̀yìn wo ọparun náà, ó tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹṣin kọjá, ẹni tí ó gùn ún kò kọjá. Olúyọmí so rọ̀ lórí ọparun bí ṣòkòtò tí wọ́n sá sóòrùn. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán, àwọn èèyàn lọ kírun, wọ́n padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ti máa ń ṣe é ní Kàdúná.

Iléyá wá ku díẹ̀. Alhaji ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó kù fún un. Bí Máwẹ̀yìn kò bá borí, kí Olúyọmí má dárúkọ iwájú mọ́ nínú ilé náà.

Mo bá Olúyọmí àti Micah ní ẹ̀yìnkùlé ní àárọ̀ tí ó ṣáájú eré ẹ̀kẹta. Micah ń gé ọparun.

“Ọ̀gá,” ni Micah bèèrè, “ó ń jẹ koríko, ó sì ń gba abẹ́ igi. Ewé wo ni a fẹ́ fi bò ó tí kò ní jẹ?”

“Màrìwò ọ̀pẹ,” ni Olúyọmí wí. “Já a dáadáa, kí o ya á wẹ́wẹ́, kí o so ó dé ilẹ̀. Kò ní jẹ ẹ́, kò sì ní rí abẹ́ gbà.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. “Olúyọmí, màrìwò ni o fẹ́ ta dí ọ̀nà? Ní Ìjẹ̀bú?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti dé! Ewé ni ewé ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó ń pa yín lára níbí.”

Mo yára lọ wá àga tí ó dára tí n ó gbé lọ síbẹ̀.

Nítorí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti já lẹ́nu ọmú tí kò mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n bá ta màrìwò dí ti kúrò ní ti gbogbo ayé. Awo ti gbà á. Ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ̀rì kì í kọjá ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé o jẹ́ mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́. Àlùfáà á yà gba ọ̀nà mìíràn, pásítọ̀ á rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Micah kò mọ èyí, kò sì sí bí ó ti lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Olúyọmí! Ẹni tí ìyá rẹ̀ máa ń fi ìgbálẹ̀ lé wọlé nígbà tí a wà ní kékeré, tí awo bá fẹ́ jáde, tí gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tì!

Ayépé ni wọ́n ti sá a, lójú ọ̀nà oko tí ó gùn lọ gbọọrọ láàárín ẹ̀gẹ́. Èrò pọ̀. A ké, wọ́n gbéra, eruku sọ. Kúbúrátù ni ó wà níwájú, Máwẹ̀yìn ni ó kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bí wọ́n ti yọ sí ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí, Kúbúrátù rí màrìwò funfun tí ó fẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ó fa ìjánu débi pé ẹṣin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó.

“Ẹ dúró! Ẹ pẹ̀yìn dà! Wọ́n ti dí ọ̀nà o!”

Gbogbo ẹlẹ́ṣin dúró gbagidi. Àwọn obìnrin tí ń wòran fi gèlè bojú, wọ́n yíjú sí igbó. Ẹni tí ń ta omi tútù pa ìdérí kúlà rẹ̀ dé, ó gbé e rù, ó di ọ̀nà ilé.

Olúyọmí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó rí gbogbo wọn tí wọ́n dúró, inú rẹ̀ dùn débi pé eyín rẹ̀ tàn láti òkèèrè. “Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ̀yin ará oko! Ewé lásán ni! Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é!” Ó ki kẹ́sẹ́ bọ Máwẹ̀yìn níhà, ẹṣin náà sì sáré, eré gidi, èyí tí a kò rí rí.

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Màrìwò náà mì jẹ́jẹ́, ó ní ṣáá.

Ẹ̀yin èèyàn, mo rí ojú rẹ̀. Gbogbo ọgbọ̀n ọdún Kàdúná ṣí kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu rẹ̀ ni ó kúrò ní Ìjẹ̀bú, ara rẹ̀ kò kúrò níbì kan. “Yéè, ìyá mi o!” ni ó ké, ó ju ìjánu nù, ó sì fò sínú oko ẹ̀gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́.

Máwẹ̀yìn rí i pé ẹrù ti kúrò lẹ́yìn òun. Ó bojú wẹ̀yìn, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà ó fò. Mo ní ó fò! Ó ga débi pé orí rẹ̀ gbá ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà, ẹyin méjì sì jábọ́ sórí gàárì láìfọ́. Ó fo èkejì, ó fo ẹ̀kẹta, ó yí gbogbo oko ká, ó fo gbogbo rẹ̀ tán, ó já okùn òpin, kò sì dúró. Ọ̀nà Odògbolú ni Micah ti lọ mú un bọ̀.

Olúyọmí jáde, yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. “Mo borí! Ṣé ẹ rí i? Mo borí!”

“Ẹ kú oríire, Bàbá,” ni Kúbúrátù wí. “Ibo ni ẹ wà nígbà tí ẹ ń borí?”

Ní ọjọ́ kejì, ẹbí jókòó. Alhaji Abdulhakeem bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. “Olúyọmí, ṣé o bọ́ ni, àbí o fò?”

Olúyọmí wo ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ní òun bọ́, a jẹ́ pé kò lè jókòó lórí ẹṣin. Bí ó bá ní òun fò, a jẹ́ pé ewé lásán ni ó lé e.

“Mo… mo sọ̀ kalẹ̀ ni,” ni ó wí.

Matilda rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. “Ẹ sọ̀ kalẹ̀? Bàbá Jessica, ta ni ó ń fi ìpara ra ẹ̀yìn yín láti àná?”

“Ẹṣin náà ti ṣe tirẹ̀,” ni Alhaji wí. “Ìwọ ni o kò ṣe tìrẹ. Ẹni tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú eré kò lè ṣíwájú ilé balógun. Bí o bá fẹ́ kí Máwẹ̀yìn ṣíwájú, Kúbúrátù ni yóò gùn ún. Bí o kò bá fẹ́, mú un lọ sílé.”

Mo rò pé yóò bínú jáde. Kí ni mo mọ̀? Ọkùnrin náà ronú kan iwájú, ó gbé imú sókè, ó gbà.

Ọjọ́ Ojúde Ọba, Kúbúrátù wọ àrán, ó jókòó lórí Máwẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni, ilé wa sì wọ pápá, ariwo sọ. Olúyọmí ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ó di okùn ìjánu mú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí kò bi í pé òun ni ó ni ín, òun ni ó kọ́ ọ ní fífò. Àwọn ayàwòrán sáré wá, wọ́n tò síwájú. Olúyọmí dúró, ó na àyà, ó fi ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin.

“Bàbá,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ń bo ẹṣin.”