Fáníìṣì Tí Kò Gbọdọ̀ Dán

Ọkọ mi, Nùrẹ́nì, kì í ṣe ọmọdé, orí rẹ̀ kò sì dàrú, ṣùgbọ́n ère ènìyàn kéékèèké ló ń fi igi gbẹ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọn ò ga ju àtàǹpàkò lọ. Bó bá gbẹ́ ẹ tán, á fi ọ̀dà kùn ún, á wá mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín, á fi ya ojú, imú àti bọ́tìnnì aṣọ. Lójúkojú, "ẹ̀yin Bàbá Bilkis" ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mò ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" kí ọ̀rọ̀ lè yá.

Ọdún 1999 ni wọ́n gbé e wá sí Port Harcourt, a ò sì padà sílé mọ́. Eneka la kọ́lé sí. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní èbúté ló ń gbẹ́, orí pẹpẹ ní pálọ̀ ló ń tò wọ́n sí, èmi sì ni mò ń nù wọ́n. Èéfín dúdú ìlú yìí, tó ń já bọ́ sórí aṣọ tí a sá, ó ń wọlé bá wọn níbẹ̀. Bí mo bá nù ún, ọ̀dà á bá èérí lọ. Mo ti nu imú ọ̀gá kan kúrò lójú rẹ̀ rí, ìjà ọjọ́ méjì ló dá sílẹ̀ láàárín wa.

Ní 2019, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ibinabo wá bá wa láti Rumuibekwe. Ọmọ Tamunotonye ni, ọ̀rẹ́ ọkọ mi níbi iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Tonye. Tonye kú kí ọmọ yìí tó pé ọdún kan, ìyá rẹ̀ náà ti tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́rin ni omi òjò ya wọ ilé wọn, gbogbo fọ́tò bàjẹ́. Kò mọ ojú bàbá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé Bàbá Bilkis ń gbẹ́ ènìyàn, ṣé wọ́n rántí ojú bàbá òun? Ọkọ mi ní òun rántí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é, kò sì ní nǹkan kan tó ń wò bí kò ṣe inú orí ara rẹ̀.

Kí èéfín má baà ba ojú náà jẹ́, ó gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì bò ó kí Ibinabo tó wá mú un. Wàhálà dé. Èyí tó wà nílé ń dán. Ó fi kun ère àtijọ́ kan, ojú ère náà ń kọ mànà bí ẹni fi àdín para. Bí a bá tan iná, a ò rí ojú, a ò rí ẹnu. Ó ní èyí tí kì í dán lòun ń wá. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀dá wo ló ń fi owó ra ohun tí kò ní dán? Láti kékeré ni ìyá mi ti ń nà mí nítorí ìkòkò tí kò dán. Ó wò mí, ó mirí, ó bọ́ síta.

Ní Wẹ́sidé, ọjọ́ ọjà, ó lọ sí ọjà Oil Mill, sí sọ́ọ̀bù Chioma tó ń ta ọ̀dà. Chioma fún un ní agolo kékeré kan, ó ní kò ní dán láéláé, kó ṣáà mì ín dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó mì ín, ó fi dán ère àtijọ́ kan wò. Ère náà ń dán. Ó ní bóyá agolo ti ilé lòun ṣì mú. Ó padà lọ ní Wẹ́sidé kejì, ó ra òmíràn, ó fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: KÒ DÁN. Ó mì ín títí apá fi ń ro ó. Ó kùn ún. Ó tún dán.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ó ní kí n bá òun ka ohun tó wà lára agolo, mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ́ jáde pé bóyá òun ti ń ṣarán. Báyìí gan-an ni ti ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn: ó bu iyọ̀ sí tíì dípò ṣúgà, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kí ọdún tó parí, ó ń bi ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé ọmọ ta ni. Ẹ̀rù bà mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó wá gíláàsì rẹ̀ káàkiri nígbà tó wà lójú rẹ̀, mo kà á mọ́ ọn. Mo pe Bilkis ọmọ wa ní Ìbàdàn, mo sunkún sí i létí. Ó tojú sú mi pátápátá.

Kì í wá ṣe fáníìṣì ló ń dun ọkọ mi jù. Ó gbé ère Tonye sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Mùjídátù, bí n kò bá mọ agolo kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́, ojú ta ni mo wá gbẹ́ sára igi yìí?"



Ní Wẹ́sidé kẹta, mo ní kò ní dá lọ. Mo ti di ìjà lámùrè fún Chioma. Ọkọ mi fi ère Tonye sínú àpò àyà. A dé sọ́ọ̀bù, mo bú Chioma débi tí àwọn tó wà nítòsí fi ń wò wá. Chioma ṣí agolo tuntun, ó ní ká wo inú rẹ̀. Omi tó mọ́ gaara wà lókè, ohun funfun kan bí ògì sì silẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó ti igi bọ̀ ọ́, ó rò ó pọ̀, ó fi kun pákó. A dúró kó gbẹ. Kò dán rárá.

"Madam," ó ní, "na that white thing dey kill the shine. If you commot am, na ordinary varnish remain."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi kì í lo ohunkóhun pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ra epo pupa, mo máa ń jẹ́ kó tòrò kí n tó bu ti òkè. Kẹrosíìn tí wọ́n ń tà níbí, bí ènìyàn ò bá jẹ́ kó tòrò, èéfín á lé e kúrò nídìí sítóòfù. Agolo méjèèjì tó wọlé, ìdájí ni mo ṣí wọn, nígbà tí ọkọ mi wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo rí funfun nísàlẹ̀, mo ní wọ́n tún ti rẹ́ ọkọ mi jẹ. Mo rọra da èyí tó mọ́ sínú kọ́ọ̀pù, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù, mo fi àkísà nu ìdí agolo, mo da èyí tó mọ́ padà sínú rẹ̀. N ò sọ fún un. Ta ló ń ròyìn fún ọkọ pé òun sẹ́ epo?

N ò lè sọ ọ́ níwájú Chioma tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. A ra agolo náà, a wọ kéké. Ọkọ mi ní òun ò tiẹ̀ ní lò ó. Òun máa sọ fún Ibinabo pé kó má wá mọ́. Òun ò ní gbé ojú àjèjì fún ọmọ òrukàn kó máa pè é ní bàbá.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Bàbá Bilkis, èmi ni. Èmi ni mo da funfun yẹn nù, nínú agolo méjèèjì. Orí yín pé."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀, tàkísà tàkísà. Mo ń retí kó bú mi, nítorí èébú tọ́ sí mi. Kò bú mi. Omi ń dà lójú rẹ̀, oníkéké ń fi dígí wò wá lẹ́yìn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ère náà jáde, ó gbé e síwájú ojú mi.

"Tonye nìyí nígbà náà," ó ní. "Àbí òun kọ́?"

Èmi ò fojú kan Tonye rí láyé mi. Mo ní, "Òun ni."