Kókó Àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Olúfẹ́mi

Ìyá Olúfẹ́mi, àbúrò ìyá mi, ń ta ẹja yìnyín ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kì í lọ síbì kankan lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kókó jẹjẹrẹ tó yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹja títọ́ọ̀sì sínú kúlà fún àwọn nọ́ọ̀sì.

"Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn mí," ó ní, "ẹ jẹ́ kó jẹun yó ná."

Ní ìdílé wa, ohun tó bá kúrò lára ènìyàn kì í sùn lọ́wọ́ àjèjì. Ibi ọmọ, irun ìkókó, eyín tó ká, ilé la ń sin wọ́n sí, Bàbá Mákindé, ẹ̀gbọ́n Ìyá Olúfẹ́mi, ló sì ń sin wọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, bí Ìyá Olúfẹ́mi ṣe ń sùn lọ́wọ́, Bàbá rí ọ̀rá dúdú nínú kúlà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sílé, ó sin ín. Kò tú u wò, nítorí a kì í wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Abigail wá jókòó tì wá.

"Màmá, kókó yẹn gan-an la fẹ́ fi ṣe oògùn yín. A máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí wọ́n má lè hù mọ́, a ó sì fi gún yín lábẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ ogun ara yín á tara òkú rẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Bí alààyè rẹ̀ bá wá sá pamọ́ síbì kan, wọ́n á lé e bá. A ṣì ń dán an wò ni o, n ò lè búra."

"Bí ìgbà tí ajá gbóòórùn awọ òkété kó tó wọgbó," Ìyá Olúfẹ́mi wí. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Bí kókó náà ò bá sí ńkọ́?" Bàbá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Kò sí oògùn nìyẹn, sà. Ti ẹlòmíràn ò lè bá a mu." Wọ́n pe dókítà, ó sì jáde.

Bàbá fà mí lọ́wọ́, ó di inú mọ́tò, a forí lé ilé. Ní gbogbo kọ́nà òkè Ẹ̀fọ̀n ló ń gbàdúrà. Nígbà tó sọ fún mi pé òun ti sin kókó náà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. A gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Bàbá ṣí fìlà, ó ya ọ̀rá náà. Títọ́ọ̀sì mẹ́ta ń wò wá.

"Ẹja ni, sà," mo wí.

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. "Mo ka Sáàmù fún un."

Níbo wá ni kókó wà? A sáré padà, erùpẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bàbá jẹ́wọ́ fún dókítà lójú Ìyá Olúfẹ́mi.

"Inú firísà wa ló wà láti àná, sà," ni dókítà wí. "Kò kúrò níbẹ̀ rí."

Ìyá Olúfẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú. "Mo ti ń bínú sáwọn nọ́ọ̀sì láti àárọ̀ pé wọ́n jẹ ẹja mi, wọn ò dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kọrin sin ín náà?"

"Ẹsẹ kan péré," Bàbá wí.

Wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà fún un báyìí. Apá rẹ̀ wú díẹ̀ níbi tí wọ́n gún, dókítà ní àwọn ọmọ ogun ló ti ń bínú. Bóyá yóò ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí firísà rẹ̀, bí Bàbá bá sì wá ra ẹja, á kọ́kọ́ bi í léèrè:

"Ti jíjẹ ni, ẹ̀gbọ́n, àbí ti sísin?"