Omi Tí Mo Lọ Pọn fún Mọ́mì

Òórùn epo bẹntiróòlù tó pò mọ́ èéfín ẹja ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ mí nímú tí mo bá rántí àárọ̀ ọjọ́ tí a wọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ọjọ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Pákó tí a dúró lé lórí ṣì tutù, ó ń yọ̀, omi ọ̀sà sì ń lá abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ajá tó ń lá àwo. Dádì mi gbé báàgì méjì dání. Mọ́mì dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n fi ìborùn bo èjìká méjèèjì bí ẹni tí òtútù ń mú, bẹ́ẹ̀ ooru ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà: "Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ máa rọra wọlé, ẹ̀yin ará ilé wa." Dádì dáhùn. Èmi náà kúnlẹ̀ kí wọn. Mọ́mì nìkan ni kò fọhùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ.

Kì í ṣe ìṣe wọn. Ní àdúgbò wa ní Ìbà, níbi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti Èkìtì àti Oǹdó wá pọ̀ sí, Mọ́mì mi ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Tí a bá jọ lọ ra tòmátì ní Okokomaiko, oòrùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí a tó délé, torí kò sí oníṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í béèrè ìyá àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi gan-an ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Olùkọ́ mi a máa ránṣẹ́ sílé pé n kì í dáhùn ní kíláàsì, Mọ́mì á sì fà mí létí díẹ̀: "Dékẹ́mi, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Mo gbọ́ òwe yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé Mọ́mì ló dá a sílẹ̀.

Lọ́dún yẹn, Mọ́mì lóyún. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Mo máa ń gbé etí lé ikùn wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ìrẹsì bá ń hó lórí iná, tí mo bá sì gbọ́ tí nǹkan ń yí nínú lọ́hùn-ún, èmi àti Mọ́mì á jọ rẹ́rìn-ín. Ó ku bí oṣù kan àbọ̀ kí wọ́n bímọ nígbà tí Dádì gbé wọn lọ sí ọsibítù ní ìdájí ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹta, Mọ́mì padà wálé. Ikùn wọn ti lọ sílẹ̀, wọn ò sì gbé ọmọ kankan dání.

Àwọn ìyá ìjọ kún pálọ̀ wa fọ́fọ́. Bí ọ̀kan ti ń jáde ni òmíràn ń wọlé, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ fọpẹ́ fún Ọlọ́run." Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo yẹ dúrọ́ọ̀mù omi wa wò, ó kún dé ẹnu. Mo yẹ kẹ́ẹ̀gì wò, òun náà kún. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, ẹnikẹ́ni ò sì là á yé mi. Nígbà tí mo máa fi wọ yàrá Mọ́mì, ẹnì kan ti kó àwọn aṣọ kéékèèké tí a tò sínú àpótí lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́mì ti dákẹ́. Dádì, tó jẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì, ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìdákẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ti ilé ìkàwé. Wọ́n á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mọ́mì á mi orí. Ìyẹn náà nìyẹn. Ìgbà tó yá ni Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ẹni tí Dádì kọ́ ní yunifásítì nígbà kan, wá kí wa. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ilé ìgbafẹ́ kan tí àwọn ìdílé ti ń lọ sinmi lórí erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà. Wọ́n wo ojú Mọ́mì, wọ́n fa Dádì sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ gbé Mọ́mì wá sọ́dọ̀ wa, sà. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Àsìkò òjò nìyí, àlejò ò pọ̀. Atẹ́gùn á fẹ́ sí wọn lára."

Bí a ṣe dé inú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà nìyẹn. Koríko ojú omi ń ṣí fún wa, ó sì ń pa dé lẹ́yìn wa. Ilé àti òpó iná Ọjọ́ ń kéré sí i. Dádì ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, ohùn wọn ga ju ti ẹ́ńjìnnì lọ: "Ọ̀sà nìyí, Dékẹ́mi. Tí a bá la erékùṣù yẹn já, òkun ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Iyanrìn lásán ló pín wọn níyà." Wọ́n ń wo Mọ́mì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mọ́mì ń wo omi.

Tí ẹ bá bi mí bí erékùṣù náà ṣe rí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni ariwo rẹ̀. Tọ̀sán tòru ni òkun ń mí níbẹ̀, bí àgbàlagbà tó sùn lọ lórí àga. Ahéré onípákó mẹ́jọ ni wọ́n kọ́ sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí wọn, inú tiwa sì ń ta sánsán igi tútù àti ẹní tuntun. Ilẹ̀ pákó náà a máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò sí iyanrìn tí kò bá wa wọlé, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú báàgì, ó wà nínú ìrẹsì àgbọn tí wọ́n gbé fún wa lọ́sàn-án. Wọ́n so àwọ̀n ńlá mọ́ àárín igi méjì, mo sì máa ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ìmọ́lẹ̀ á máa ti àárín ewé àgbọn já lù mí lójú, tí mi ò ní mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo lajú. Títí di òní, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó jẹ́ àlá nínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Ìdílé kan ṣoṣo la bá níbẹ̀, tọkọtaya kan láti Sùúrùlérè tí wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ wá. Ahéré wọn ló tẹ̀ lé tiwa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mọ́mì jókòó sí faranda. Mo rí i tí àpá omi méjì yọ lára bùláòsì wọn níbi ọmú, ó ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, omi ta sí yín láṣọ." Wọ́n wo àyà wọn. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti fèrèsé pa, nínú ooru yẹn.

Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn àlejò ni Ìyá Sènàmi. Ẹ̀gùn ni wọ́n, orí erékùṣù náà ni wọ́n bí wọn sí, Yorùbá wọn sì máa ń lọ sókè sódò bí orin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ wo òkun. Mo ti rí i nínú ìwé Dádì, ṣùgbọ́n ìwé ò sọ pé ó ń bú ramúramù, ìwé ò sì sọ pé ó ń fa iyanrìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn bí ẹni ń fa ẹní. Ìyá Sènàmi di ọwọ́ mi mú dáadáa. "Tó o bá dé ibí, má kọ ẹ̀yìn sí i o," wọ́n wí. "Òkun kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé." Wọ́n bi mí pé kí ló ń ṣe màmá mi. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní omi ló dànù. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ara mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Tó bá jẹ́ omi ló dànù lóòótọ́, mo rò ó, ibo ni omi tún pọ̀ tó ibí? Òkun ò lè mọ̀ pé mo bù ú. Bí mo bá pọn díẹ̀, tí mo gbé e fún Mọ́mì, ohun tó dànù á padà, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Dádì wà ní balùwẹ̀, Mọ́mì sì jókòó sí faranda bí ìṣe wọn. Mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kékeré tí wọ́n kó síbẹ̀ fún àwọn ọmọ láti fi ṣeré, mo gba àárín àgbọn lọ. Mo rò pé Mọ́mì ò rí mi. Omi tí mo kọ́kọ́ bù kún fún iyanrìn, mo dà á nù. Mo wọ inú sí i títí omi fi dé orúnkún mi, níbi tó ti mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún. Inú mi dùn. Mo yíjú padà sí ilé.

Ìgbì náà gbá mi lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá pa. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn ìyẹn kò ní ariwo nínú. Gbogbo nǹkan di àwọ̀ ewé, iyanrìn ń yí po lójú mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń ro ẹ̀kọ, ara mi fúyẹ́. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo kàn ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan gba irun mi mú, ó fà á gidi, ìrora yẹn ló sì mú ariwo ayé padà wá.

"Dékẹ́mi! Jésù! Dékẹ́mi mi o!"

Mọ́mì ni. Mọ́mì tí kò mọ lílúwẹ̀ẹ́, ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sórí òkè, omi ti dé àyà wọn, ìró ti bọ́ lọ. Ìgbì mìíràn bò wá mọ́lẹ̀, wọn ò jù mí sílẹ̀. Wọ́n wọ́ mi dé orí iyanrìn, wọ́n dojú mi bolẹ̀, wọ́n ń lù mí lẹ́yìn, mo ń bì, wọ́n ń pariwo. Ìyá Sènàmi ń sáré bọ̀, Dádì ń sáré bọ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọyín lẹ́nu.

"Kí lo wá ṣe nínú òkun?" Mọ́mì ń mì mí jìgìjìgì. "Kí lo wá ṣe? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Omi ni mo wá pọn, mà."

"Omi kí ni?"

"Omi yín tó dànù. Àwọn ìyá ìjọ ní omi ló dànù."

Ọwọ́ Mọ́mì dúró lára mi. Lẹ́yìn náà ni ohun kan ti inú wọn jáde tí mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu àgbàlagbà, igbe gígùn kan tí òkun gan-an ò lè bò mọ́lẹ̀.

"Kì í ṣe omi," wọ́n wí nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sí wọn lẹ́nu. "Ọmọ ni. Dékẹ́mi, ọmọ ni. Obìnrin ni. Irun kún orí ẹ̀, ó dúdú mìnìjọ̀. Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ jọ tìrẹ. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e pẹ́."

Dádì, tó lè ṣàlàyé òkun àti ọ̀sà láti àárọ̀ dé alẹ́, jókòó sínú iyanrìn tútù pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ fún oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n nu ẹnu wọn. "Ìbídùn ni mo fẹ́ sọ ọ́," wọ́n ní.

Mọ́mì yíjú sí wọn. "Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. Èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ìyá Sènàmi bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bo Mọ́mì ní ìdí, wọ́n sì rọra padà sí ilé ìdáná. Àwa mẹ́ta wà níbẹ̀ títí oòrùn fi gbẹ aṣọ wa mọ́ wa lára. Mọ́mì ń sọ̀rọ̀ ọsibítù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Dádì ń gbọ́. Nígbà tí a padà, omi gbígbóná àti ọbẹ̀ alákàn tó ta dáadáa ti ń dúró dè wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́mì lọ kan ilẹ̀kùn ahéré kejì, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn fún ìyá ọmọ náà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn gbé ọmọ náà díẹ̀. Mo rí wọn láti inú àwọ̀n. Wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀ lábẹ́ àgbọn, ètè wọn ń mì, mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo gbà pé èmi ni mo mú ìyá mi sunkún lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wọ yunifásítì kí n tó bẹ Mọ́mì fún ìdáríjì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìbàdí mú. Wọn ò bímọ mìíràn lẹ́yìn èyí. Èkìtì ni àwọn àti Dádì wà báyìí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí Mọ́mì bá sì pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wọn kì í tán títí etí mi á fi gbóná.

Mo ti dàgbà ju Mọ́mì ìgbà náà lọ. Ìyànà Ìbà ni mo ń gbé, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí aládùúgbò mi kan, ọ̀dọ́bìnrin kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Mo gba iwájú géètì wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò mọ nǹkan kan wọ inú òkun tọ ìbànújẹ́ lọ. Àgbàlagbà tó mọ gbogbo nǹkan ń bẹ̀rù géètì. Ojú ara mi tì mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo yà sílé wọn.

Ọ̀dọ́bìnrin náà jókòó sórí ìjókòó pálọ̀, kò tan tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan tí mo tò sílẹ̀. Mo ní, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ó gbójú sókè wò mí. Mo rò pé mo ti ṣìwí.

"Ọkùnrin ni," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí, mà."

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó.