Ṣóòkù Tí Baltasar Kọ̀ Láti Fi Sí I

Ilé Baltasar Ludueña kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí tèmi, ọ̀nà eléruku kan ló wà láàárín wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi se oúnjẹ ní ilé ìpẹyẹ tó wà lẹ́yìn ìlú wa, Totoral, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń ti òkè òkun wá yin àdàbà, gbogbo ìgbà yẹn sì ni òun náà fi ń tọ́jú ìbọn wọn. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, kì í ṣe àhesọ. Mo mọ ibi tó dáa sí, mo sì mọ ibi tó lórí kunkun sí bí ìbaaka.

Ṣóòkù ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Páìpù irin kékeré ni, kò gùn ju ìka àárín lọ, wọ́n sì ń yí i wọ ẹnu ìbọn ìpẹyẹ bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. Èyí tó bá fún máa ń kó ọta wẹ́wẹ́ jọ kí wọ́n lè lọ jìnnà, èyí tó bá ṣí máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè fọ́nká. Àlejò á dé, á ní èyí tó fún jù lòun fẹ́, bíi pé bó bá ṣe fún tó ni òun ṣe jẹ́ ọkùnrin tó. Baltasar á wò ó láti òkè délẹ̀. Á ní, "Ọ̀gá, àdàbà yìí ń fò kọjá níbí, nítòsí báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni, àbí ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́?" Á sì fún un ní èyí tó ṣí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbà.

Ṣùgbọ́n odindi ọdún mọ́kàndínlógún ni Casimiro, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò fi fi ẹsẹ̀ tẹ ibi iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Ojú òsì Casimiro ti fọ́. Ìbọn tí bàbá ẹ̀ tọ́jú ló ya tó fọ́ ọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Totoral. Baltasar ní ọta tí wọ́n kì sí i ni kò dáa. Ọta burúkú, ọta burúkú! Ohun tó sọ fún ọlọ́pàá nìyẹn, ó sọ ọ́ fún àlùfáà, ó sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀ títí obìnrin náà fi kú. Ohun tí Casimiro sì ń retí kò ju kí bàbá ẹ̀ la ẹnu sọ òótọ́ lọ. Kò bèèrè nǹkan mìíràn.

Èmi mọ díẹ̀ nínú òótọ́ ọ̀hún, torí èmi ni mo fún un ní ọ̀rá.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ilé ìpẹyẹ ní àlejò pàtàkì kan ń fẹ́ ṣóòkù tó fún, àti pé kí wọ́n ti fi í sí i kí ẹran tó wà lórí iná tó jinná. Èyí tó bá ìbọn náà mu ti tán. Ọ̀kan tó kù, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó yí i po tó fi ń gùn wọlé, jọ ti ìbọn náà, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Baltasar wọ ilé ìdáná, ó ní, "Zulema, gé ọ̀rá díẹ̀ fún mi." Bí a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ilẹ̀kùn tó ń ké ni o, awọ gàárì tó ti gan ni o, ọ̀rá màlúù la fi ń pa á. Mo gé e fún un lára ẹran, mi ò bi í ní nǹkan kan. Ó fi pa ṣóòkù náà, ó ki etí owó onírin kan bọ ihò tó wà lẹ́nu ẹ̀, ó fi yí i wọlé. Ọ̀rá yẹn mú kó máa yọ̀ lọ wẹ́rẹ́, ó dà bíi pé ó ti jókòó. Kò jókòó rárá. Etí ẹ̀ yọ sí ojú ọ̀nà tí ọta máa gbà, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn nà sẹ́nu ọ̀nà. Casimiro, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń bá bàbá ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló gbé e lọ sí ìdí ọgbà láti dán an wò. Mo gbọ́ ìró ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, lọ́jọ́bọ̀ kan, nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lójú oorun ọ̀sán, èmi àti Baltasar ń mu mate, tíì ewé kíkorò tí à ń mu lọ́dọ̀ wa, níbi iṣẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Casimiro ni, pẹ̀lú ohun gígùn kan tó fi aṣọ wé.

"Ẹ káàsán o."

Baltasar dìde. "Káàbọ̀," ló sọ.

"Àǹtí Zulema, ẹ ṣì wà láyé?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń lọ? Jókòó, jàre!"

Kò jókòó. Ó tú aṣọ náà sórí tábìlì. Ìbọn bàbá àgbà ẹ̀ ni, ìbọn àtijọ́ ẹlẹ́nu kan. Ó ní, "Mo fẹ́ padà máa yìnbọn. Mi ò tíì fọwọ́ kan ìbọn láti ọjọ́ yẹn. Èyí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí ẹnu ẹ̀, kí n lè máa lo ṣóòkù tó ṣí."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi gbígbóná sí ara mi. Mo ń sọ lọ́kàn pé, Baltasar, ṣe é. Ohunkóhun tó bá bèèrè, ṣáà ṣe é fún un!

Baltasar mú irin tó fi ń wọn nǹkan. Ó wọn ẹnu ìbọn náà níbi mẹ́ta, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó tún un wọ̀n. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Mi ò ní ṣe é."

"Kí lẹ wí?"

"Irin ẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Tí mo bá gé e, èyí tó máa ṣẹ́ kù ò ní lè gba agbára ọta. Ó máa ya."

Casimiro rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ èèyàn. "Ó ga o! Ọ̀gá ní kí ẹ ṣe é, ẹ ṣe é. Ọmọ yín ní kí ẹ ṣe é, ẹ ní ẹ ò ṣe."

"Casimiro!" Èmi nìyẹn.

"Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ó ti ń wé ìbọn náà padà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Baltasar tó sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ọta burúkú."

Casimiro dúró, kò wẹ̀yìn.

"Ọta yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ṣóòkù yẹn kì í ṣe ti ìbọn yẹn, mo fi ọ̀rá bò ó. Ẹni tó bá fi ṣóòkù sí i ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yìn ín, bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo sì kọ́ ìwọ náà. Ọ̀gá pè mí pé ẹran ti jinná. Mo gbé ìbọn fún ẹ, mo lọ jẹun. Ẹran wà lẹ́nu mi nígbà tó dún."

Ọlọ́run mi! Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé eyín ẹ̀ ti jẹrà, torí kì í jẹ ẹran sísun, ọbẹ̀ àgbàdo nìkan ni. N kò mọ nǹkan kan. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i gan-an. Mo ní, "Ìyá ọmọ yìí kú láìgbọ́ ọ, Baltasar! O jẹ́ kó kú láìgbọ́ ọ!"

"Mo jẹ́ kó kú," ló fèsì.

Nígbà tó yá, Casimiro padà wọlé, ó gbé ìbọn bàbá àgbà ẹ̀ ti ògiri ní igun. Ó fa àga.

"Èwo wá ni mo lè yìn?"

Baltasar gbé ìbọn tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, èyí tí wọ́n ti gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí láti ilé iṣẹ́. Ó ṣí i, ó wò ó pé kò sí ọta nínú ẹ̀, ó fún Casimiro kí òun náà wò ó. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ funfun nù ún títí aṣọ náà ò fi dọ̀tí mọ́, ó fi gíríìsì tín-ín-rín pa á. Ó mú ṣóòkù tó ṣí, ó fi orúkọ tó wà lára ẹ̀ wé ti ara ìbọn. Ọwọ́ lásán ló fi yí i. Ó há díẹ̀ níbi kan, ó yọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó jókòó tán ló tó fi irin tí wọ́n fi ń yí i mú un le díẹ̀, díẹ̀ péré. Ó wá na ẹnu ìbọn sí fèrèsé.

"Wo inú ẹ̀ láti ìdí. Ṣé ó lọ geere, àbí nǹkan yọ létí?"

Casimiro gbé ojú tó kù fún un sí i. "Geere ni."

A jáde sí ìdí ọgbà. Baltasar ki ọta kan, ó ní, "Sá sẹ́yìn igi yẹn." Èmi sá lọ, mi ò tijú. Casimiro ò lọ. Ó dúró ní apá òsì bàbá ẹ̀, ó sún mọ́ ọn débi pé èjìká wọn kanra, ó sì jẹ́ pé ojú kan tó ń ríran yẹn ló wà lápá ibi tí ìbọn wà.

"Casimiro, kúrò níbẹ̀."

"Ẹ yìn ín, Bàbá."

Baltasar gbé ìbọn sókè. Ó wo ọmọ ẹ̀, ó gbé ìbọn wálẹ̀. Ó ṣí i, ó yọ ọta, ó fi í sápò. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó yọ ṣóòkù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ nu tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ẹ̀ ló tún ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú oòrùn. Casimiro ò kúrò lójú kan.

Nígbà tí Baltasar padà dìde, tó sì yìn ín, àdàbà tó wà lórí wáyà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti di ojú mi. Ìgbà tí mo là á, àwọn méjèèjì ṣì dúró síbẹ̀, Baltasar sì ń wo ojú ọmọ ẹ̀, kì í ṣe ìbọn.

Casimiro na ọwọ́.

"Ó kàn mí," ló wí.