Okùn Méjì ní Etíkun Aráròmí

Àwọn kan wà tí wọn kò gbà pé àwọn ti gbádùn àfi tí àpò wọn bá gbẹ. Moríkẹ́ aránṣọ, ará Igbókòdá, kò sí lára wọn. Tí ó bá ti di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, abọ́ onídèérí kan ni yóò gbé: pupuru, ata gígún, iyọ̀, epo pupa nínú ìgò kékeré, ó parí. Tí o bá bi í pé ẹja ńkọ́, yóò ní ẹja wà ní Aráròmí, inú òkun ló wà, kò sì sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Owó ọkọ̀ nìkan ni yóò ná. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ìgbádùn tí Moríkẹ́ ti jẹ nínú ìtẹ́ kékeré yìí, ọ̀pọ̀ olówó kò jẹ irú rẹ̀ rí.

Bí ọ̀rọ̀ ẹja náà ṣe rí nìyí. Àwọn apẹja yóò gbé àwọ̀n ńlá wọ inú òkun, wọn yóò ta á yípo, wọn yóò sì mú okùn rẹ̀ méjèèjì wá sórí iyanrìn. Ọ̀kan yóò wà níhìn-ín, èkejì yóò wà lọ́hùn-ún, wọ́n á jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó di ọ̀kan mú kò ní dá ojú ẹni tó di èkejì mú mọ̀. Èrò yóò pín sí méjì, wọn yóò máa fà. Bí àwọ̀n bá ṣe ń bọ̀ ni ìlà méjèèjì yóò máa rìn sún mọ́ra, títí wọn yóò fi pàdé níbi tí àwọ̀n ti gúnlẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, yóò gba ẹja tirẹ̀. Ẹni tó ni àwọ̀n kì í béèrè ilé tí o ti wá.

Ibi tí ìlà ti pàdé ni Moríkẹ́ ti rí Wọlé. Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà yẹn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da owó ọkọ̀ jọ, wọ́n wá wẹ̀ lókun. Ọkùnrin gíga kan wà nídìí okùn kejì tó ń fà á bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wọ́ gòkè. Nígbà tí ìlà pàdé, ó ń fọ́nnu pé àwọn tòun ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Moríkẹ́ ní kí ó kọ́kọ́ nu iyanrìn ẹnu rẹ̀ kí ó tó máa sọ̀rọ̀. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jẹun lọ́jọ́ náà, wọn kò sì yà á mọ́.

Láti ọdún náà ni wọ́n ti ń lọ. Wọ́n lọ nígbà tí oyún Ọpẹ́fólúwa, àkọ́bí wọn, wà nínú. Wọ́n lọ nígbà tí iṣẹ́ Wọlé dùn, tí àwọn ará Zion Pepe ń wá gbé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn fún un. Wọ́n sì lọ lọ́dún tí kò rí pákó kan kàn. Àwọn ọmọ á fi iyanrìn bo ara wọn dé ọrùn. Wọlé á gun àgbọn, Moríkẹ́ á máa bú u láti ìsàlẹ̀ pé opó lòun ò fẹ́ ṣe. Lọ́sàn-án, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ sí wọn lára, oorun tí wọ́n bá sùn níbẹ̀ á kún fọ́fọ́. Moríkẹ́ ṣì máa ń rántí oorun yẹn títí dòní, àárò rẹ̀ a sì máa mú un gan-an.

Ọdún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọlu Wọlé. Ọlọ́run ṣàánú, ó dìde. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yéni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń bá afẹ́fẹ́ jiyàn tẹ́lẹ̀, kò fẹ́ nǹkan kan mọ́. Tí Moríkẹ́ bá bi í pé kí ni kí òun sè, á ní, "Èyí tó bá wà." Tí ó bá bi í pé ṣé kí àwọn jókòó síta, á ní, "Bí ó bá wù ọ́." Èyí ba Moríkẹ́ lẹ́rù ju ọwọ́ ọ̀tún tó rọ lọ. Ó ti ṣíwọ́ àdúrà nípa ọwọ́ náà. Ohun tó ń bẹ Olúwa fún báyìí ni pé kí ọkọ òun la ẹnu ara rẹ̀, kí ó ní òun fẹ́ nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́.

Nígbà tí Àjíǹde ọdún yìí kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọpẹ́fólúwa pè láti Èkó. Ó ní òun yóò gba yàrá fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun, èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

"O ṣeun, ọmọ mi," Moríkẹ́ ní. "Òkun tí wọ́n fi gíláàsì há mọ́ ìta, kí la fẹ́ fi í ṣe? Aráròmí là ń lọ."

"Màámi, ṣebí wọ́n ní òkun ti ń jẹ ibẹ̀."

"A ó lọ jẹ nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Moríkẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé Wọlé wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá, kò ṣàròyé. Wọ́n gbé e sọ̀ ní Aráròmí, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Moríkẹ́ ló ń wò, ohun tó sì rí kò dùn mọ́ ọn. Igi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀ kò sí. Ilé ìyá tó máa ń yá wọn ní ìkòkò kò sí. Òpó símẹ́ńtì kan ló dá dúró nínú omi, ìgbì ń gbá a létí. Moríkẹ́ dúró síbẹ̀, ó sunkún, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Godwin, tó jogún àwọ̀n lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló wá pàdé wọn. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọma ńkọ́?" Ó bá Moríkẹ́ gbé abọ́, ó mú Wọlé jókòó sórí ọkọ̀ apẹja kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ó wá rọra sọ fún Moríkẹ́ pé ọ̀la àwọ̀n náà kò dára. "Iyanrìn ti tán. Ẹ wò ó, okùn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra. Bí òjò ọdún yìí bá bọ́ sílẹ̀, mi ò rí ibi tí a máa dúró sí fà á mọ́. Mo ti ń bá àwọn ará ọ̀nà Lẹ́kí sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá rà á."

"Ẹ ṣì ń fà á lónìí?"

"Lónìí, a ó fà á."

Moríkẹ́ wé ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó di okùn mú. Òótọ́ ni Godwin sọ. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí imú olúkúlùkù nídìí okùn kejì, ó sì ń rí ojú Wọlé kedere lórí ọkọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀. Nígbà àtijọ́, kì bá tí rí i. Ó ń fà, ó ń wò ó. Ojú Wọlé ò yí padà.

Okùn kejì kò ní èrò púpọ̀. Obìnrin mélòó kan àti àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣeré láti Òkìtìpupa ló wà níbẹ̀, wọ́n ń fà, wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí apá kan. Moríkẹ́ rí i tí Wọlé ń wo okùn yẹn. Ó rí i tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sún mọ́ra.

"Wọ́n ń fà á bí ẹni ń fa ìrù ewúrẹ́," Wọlé wí.

Ó ti ọ̀pá bọlẹ̀, ó dìde. Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìdí okùn náà, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tì sẹ́yìn. Iyanrìn yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó fi ìdí jókòó gbìì.

Gbogbo ènìyàn dúró ń wò ó. Moríkẹ́ fẹ́ sáré lọ bá a. Ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn sílẹ̀, àwọ̀n á dẹ̀, ẹja á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ etíkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di okùn mú.

"Ẹ dúró ń wò mí," ni Wọlé wí láti orí ilẹ̀, "ṣé èmi ni ẹja ni? Ẹ fà á."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan gbé e dìde, ó fi ìró kan so ìbàdí Wọlé mọ́ okùn kó lè fi ìwúwo ara rẹ̀ fà á láìṣubú, wọ́n sì fà á. Kò pẹ́ tí ìlà méjèèjì fi pàdé, ilẹ̀ tí wọn yóò rìn kò kúkú pọ̀. Ohun tó gòkè kò pọ̀ náà: ṣáwá díẹ̀, akàn, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà rẹpẹtẹ. Godwin bu ìpín Moríkẹ́ fún un, ó bu ti Wọlé lọ́tọ̀. Wọ́n se é nínú ìkòkò ìyàwó Godwin, wọ́n fi jẹ pupuru. Wọlé ní orí ẹja tí wọ́n gbé fún òun kéré, ó mú ti ìyàwó rẹ̀. Moríkẹ́ jẹ́ kí ó mú un.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ padà. Wọlé jókòó, ara rẹ̀ kún fún iyanrìn, ó ń wo etíkun tó ń jìnnà. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì ti dún pẹ́, ó yíjú padà.

"Moríkẹ́, ìgbà wo la tún ń bọ̀?"

Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀: Àjíǹde tó ń bọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Omi ti dé ibi tí wọ́n ti dáná lọ́sàn-án.

"Sátidé," Moríkẹ́ wí.

Wọlé rò ó wò. Ó mi orí.

"Sátidé ti jìnnà jù," ó ní.