Kọfí Orí Àjà

Ní Ẹ̀pẹ́, ohun tí Ṣẹ̀rífátù ò bá fẹ́ kó bàjẹ́, orí àjà tó ti ń yan ẹja ló ń gbé e sí. Ibẹ̀ náà ló kó kóró kọfí Yísà ọkọ rẹ̀ sí. Orí ọlọ ata ló sì ti ń lọ̀ ọ́.

Ìgbà tó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìkòròdú, òórùn kọfí ibẹ̀ ń ta sánsán. Kí ló fà á? Ó tọ pinpin rẹ̀ dé ìdí ààrò. Inú ìgò tí wọ́n dé dáadáa ni kọfí wà; ìwọ̀n tí wọ́n máa mu nìkan ni wọ́n ń lọ̀, lórí ọlọ tí ata ò kàn rí.

Ó padà délé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Yísà tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè.

“Ìyá Rálíátù, ta ló yọ ẹja inú kọfí mi?”