Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Bàbá Mi

Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin tó ń kọ́ wa níṣẹ́ náà. N kò ní fi bò.

Ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ sùúrù ni. Wàá ya èèyàn kan, wàá gbé ojú ìwé mìíràn lé e, ti àkọ́kọ́ á máa hàn bàìbàì lábẹ́, wàá sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, wàá tún ya. Bí o bá wá jẹ́ kí àwọn ojú ìwé náà sáré tẹ̀ lé ara wọn, onítọ̀hún á rìn. Olùkọ́ wa ní kí kálukú ya ẹni tó ń rìn. Bàbá mi tó ti kú ni mo yà.

Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Wọ́n já bọ́ láti orí igi obì nígbà ọ̀dọ́ wọn, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tiro. Fọ́tò wọn pọ̀ nílé, àmọ́ wọ́n jókòó tàbí kí wọ́n dúró ni nínú gbogbo rẹ̀. Kò síbi tí ìrìn wọn wà mọ́ àfi orí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi yà á: ẹsẹ̀ òsì á gbéra, ejìká ọ̀tún á rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wá wọ́ tẹ̀ lé e.

Mo dé kíláàsì lọ́jọ́ kan, mo tan kọ̀ǹpútà, mo bá bàbá mi tí wọ́n ń rìn bíi ṣọ́jà.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn kò dára," ni olùkọ́ wa wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Mo ti bá yín tún un ṣe."

Ó ti pa gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ́, ó fi ti òsì dípò rẹ̀, tèmi kò sì sí níbì kankan mọ́. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní àṣìṣe ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó rán mi níléèwé ló ń pè ní àṣìṣe. Ohun tí mo sọ sí i kò ṣeé kọ síbí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé nígbà tí mo jókòó láti tún un yà, kò wá mọ́. Ìrìn ṣọ́jà yẹn ló gba ojú mi kan.

Mo wọkọ̀ lọ bá yèyé mi ní Iléṣà, mo ro ẹjọ́ fún wọn, mo ní kí wọ́n bá mi rántí ìrìn náà. Wọ́n wò mí títí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sín bàbá mi jẹ níwájú àwọn ọmọ àdúgbò, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi sì yọ sí wa. Bàbá mi kàn tiro wọlé lọ. Yèyé mi ló gbá mi létí, wọ́n ní bí mo bá tún dán an wò, àwọn á fi ata sí mi lójú.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Sín bàbá rẹ jẹ bí o ṣe ṣe lọ́jọ́sí."

Mo dìde, mo tiro láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Ara mi kò gbàgbé ohunkóhun. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi ju bó ṣe bí mi sí olùkọ́ náà lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, yèyé mi ń fi etí ìró nu ojú.

Wọ́n ní kí n tún un rìn, ejìká náà kò tíì rẹ̀ sílẹ̀ tó.